Páànù Orí Ilé Abolé

Oòrùn ló kọ́kọ́ fi páànù han ìlú náà. Ogun tó ti ọ̀nà etíkun pa láti ìgbà tí àwọn àgbà ti wà lọ́mọdé ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ ni, àwọn aláàárù sì tún ti ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ láìsí oníbọn níwájú tàbí lẹ́yìn wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn tó ń ṣọ́ odi ìlú rí ohun kan tó ń kọ mànà lókèèrè, ọ̀kan nínú wọn sì sáré wọ ìgboro, ó ń pariwo pé ogun tún ti dé. Kì í ṣe ogun. Ẹrù Afínjú oníṣòwò ni, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ara rẹ̀ ká bí omi odò tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, aláàárù méjìméjì ló sì gbé e lórí. Wọ́n fi ẹni tó sáré yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti wá gbà nígbẹ̀yìn pé kò parọ́, pé ogun ló rí lóòótọ́.

Afínjú fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn, ó dé fìlà àrán, ó wọ agbádá funfun tí eruku ọ̀nà kò rí ibi bà lé, bàtà aláwọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì ń dún kí òun tó dé. Ó dúró láàárín ọjà, ó fi ọ̀pá gbá irin náà kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, òjò ò ní jí yín lójú oorun mọ́. Òrùlé nìyí. Kì í jó, kì í jẹrà, ikán ò lè jẹ ẹ́."

Ọkùnrin kan tó dúró láàárín èrò, tí koríko gbígbẹ ṣì wà nínú irun rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Irin lórí ilé? Ṣé wọ́n fẹ́ máa yan ara wọn ni?" Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé Abolé ni, kò sì sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ òrùlé jù ú lọ.

Iṣẹ́ ìbolé ni iṣẹ́ ìdílé wọn. Ní ẹ̀yìn òkè, wọ́n ní oko koríko kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi ọkọ́ kàn rí. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, wọ́n á gé koríko náà, wọ́n á sá a, wọ́n á gbọn èyí tó ti kú dànù, wọ́n á wá dì í ní ìdìdì, wọ́n á sì so ó mọ́ igi òrùlé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kókó tí wọ́n ń ta sí okùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé, nítorí inú ìdì ni wọ́n ń ti ìdí okùn sí, tí ojú ò fi ní rí i. Bàbá Àgbà, bàbá Abolé, ló bo ààfin kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ni láti máa pààrọ̀ èyí tó bá gbó ní ààfin, àmọ́ ibi tí ọwọ́ Bàbá Àgbà ti kọjá kì í fẹ́ gbó.

Ẹ̀rín ọjọ́ ọjà kò pẹ́ tó fi gbẹ. Afínjú kọ́kọ́ bo ilé tirẹ̀. Ìjòyè kan ní òun ò lè jẹ́ kí oníṣòwò ní òrùlé tó ju tòun lọ, ó ṣe tirẹ̀. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò Abolé ṣe é, ó ní òun tó ń fi irin jẹun ò lè sùn sábẹ́ koríko. Ọdẹ tó wà níwájú ilé rẹ̀ ṣe é, ọkùnrin tí kì í sùn nílé rárá. Bí ẹnì kan bá ti ṣe é tán, ìyàwó ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò ní jẹ́ kó sinmi. Bí ilé wọn sì ṣe ń gbóná tó lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi níta, wọ́n á máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ ìta ló wu àwọn.

Ààfin nìkan ni kò mì. Nígbà tí àwọn ìjòyè bẹ Kábíyèsí pé kí ó ṣe bí ọba ìgbà yìí, ọba náà, tó ti dàgbà, tó sì fẹ́ràn ìtura yàrá rẹ̀, dá wọn lóhùn pé, "Ọjọ́ tí Abolé bá ṣí koríko kúrò lórí ilé ara rẹ̀ ni èmi náà á ṣí tèmi." Ọ̀rọ̀ náà dé etí Abolé. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọba kò dé odò tí àwọn obìnrin ti ń pọnmi. Ìyàwó Abolé ti odò dé lọ́jọ́ kan, ó sọ ìkòkò kalẹ̀, kò sì kí i.

Ó ní, "Bàbáa wọn, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń júwe ọ̀nà fún àlejò ní àdúgbò yìí báyìí? Wọ́n á ní, 'Bí ẹ bá ti dé ilé koríko, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún.' Ilé wa ti di kùkùté ojú ọ̀nà."

Abolé ní, "Ṣé kì í ṣe koríko ló ń bọ́ wa ni?"

"Ó ń bọ́ wa. Ikú sì yá ju ẹ̀sín lọ."

Àkọ́bí wọn obìnrin wà níbẹ̀, ó ń fọ abọ́, kò gbójú sókè. Ọmọ Afínjú ló ń fẹ́ ẹ. Ó ti ṣe díẹ̀ tí ọmọ náà kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sódò mọ́, òun nìkan ló máa ń lọ nígbà tí oòrùn bá mú, tí gbogbo wọn bá ti wálé.

Afínjú náà wá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó kí wọn dáadáa, ó ní ọmọ wọn wu òun, ìwà rẹ̀ sì wu ìyá ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá gbójú sókè wo àjà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Àna mi, àwọn ẹbí mi ń bọ̀ wá mọ ilé yín. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà wí: ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ."

Abolé náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà korò lẹ́nu rẹ̀. Kò ní ohun tó lè fi ra páànù, Afínjú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rọra ní ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn òkè tó kàn wà bẹ́ẹ̀, tí koríko gbà, òun sì ń wá ibi tí òun á gbin owú sí. Ohùn rẹ̀ tutù, kò sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí Abolé rí ibi tí yóò ti bínú.

Bàbá Àgbà kò sí nílé. Ó ti lọ lo ọ̀gbẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní abúlé. Abolé fi oko koríko náà gba páànù, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé iwájú ilé nìkan ni òun máa ṣe, ibi tí ojú àlejò ń kàn, pé ẹ̀yìn ilé, níbi tí yàrá bàbá òun wà, á wà lábẹ́ koríko. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé iwájú nìkan kì í ṣe gbogbo ilé, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni Kábíyèsí sọ. Ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ kì í wá ọ̀rọ̀ tì.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú koríko iwájú ilé. Àwọn ọmọọṣẹ́ Afínjú ló kan páànù, nítorí pé kò tíì di òòlù mú rí. Àwọn aládùúgbò jáde, wọ́n ń kí i kú oríire, kò sì sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Opó kan tó ń gbé ní òdìkejì ìlú, tí ilé tirẹ̀ ṣì jẹ́ koríko, sún mọ́ ọn, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Abolé. Mo ti ń bẹ̀rù nǹkan yìí. Mo ní bí mo bá rí i pé ẹ̀yin fúnra yín ṣe é, èmi náà á wá ṣe tèmi."

Ìgbà yẹn ló tó yé e pé kì í ṣe ilé òun nìkan ni òun ṣí lórí.

Bàbá Àgbà dé nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń parí lọ. Abolé ti kìlọ̀ fún tọmọdé tàgbà inú ilé pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó mú un gba iwájú ilé kọjá, ó sì ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan nípa ọ̀nà abúlé.

Bàbá Àgbà dúró. Ó ní, "Ilé yìí gbóná."

"Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, Bàbá. Ti ọdún yìí le."

"Ẹ kú ìfaradà rẹ̀ o," ni Bàbá Àgbà wí, ó sì tẹ̀ lé e wọlé. Abolé kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti parọ́ rí, ta ni kò parọ́ rí, àmọ́ kò tíì fi ojú tó fọ́ parọ́ fún ẹni tó ni ín rí.

Ọjọ́ tí àwọn ẹbí Afínjú wá, ilé kún. Wọ́n wọ aṣọ tó ń dán, wọ́n jókòó sí iwájú ilé, òógùn ń sàn lára wọn, gbogbo wọn sì ń yin ilé náà. Wọ́n ní kí Bàbá Àgbà wá súre fún àwọn ọmọ méjèèjì, nítorí òun ni àgbà ilé. Wọ́n mú un jókòó sí àárín, ó na ọwọ́, ọmọ méjèèjì kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà tí àwọn abolé máa ń ṣe.

Ó ní, "Orí yín ò ní ṣí sílẹ̀ fún òjò. Ohun tó bò yín lórí ò ní..."

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Kò ṣú pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dà lé páànù lórí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́ ohùn ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Bàbá Àgbà ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

Ó ní, "Ta ló ń ju òkúta lé wa lórí?"

Afínjú tẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. "Òjò ni, Bàbá. Páànù yín ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ilé yìí mà dára o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ẹbí mi kọjá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ilé koríko ni wọ́n ṣì ń wá."

Bàbá Àgbà gbé orí sókè, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, Abolé sì mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń fi etí wá ibi tí irin parí sí, tí koríko ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó rí i, ó gbé orí sọ̀kalẹ̀. Òjò rọlẹ̀ díẹ̀, gbogbo ilé sì ń gbọ́ nígbà tó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

"Ọmọ mi, ṣé koríko tán lóko ni?"

Àwọn àna ń wo Abolé, ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Kò tíì pẹ́ rárá tí àwọn ọmọọṣẹ́ Afínjú dáná sun oko náà tán nítorí owú.

Ó ní, "Ó tán, Bàbá."

Òótọ́ ni, ó sì burú ju gbogbo irọ́ tó ti pa lọ. Bàbá Àgbà ní kò burú. Ó tún na ọwọ́, ó parí àdúrà fún àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ òrùlé mọ́.

Ońṣẹ́ ààfin kò pẹ́ kó tó dé. Ó ní, "Kábíyèsí ní kí n kí ọ." Abolé dọ̀bálẹ̀, ó ní kí adé pẹ́ lórí. Ońṣẹ́ náà ní, "Kábíyèsí ní àwọn ìjòyè ti wá sọ fún òun pé o ti ṣí tìrẹ. Ó ní kí o wá ṣí tòun. Ó ní ta ni òun ì bá tún pè, bí kò ṣe ọmọ ẹni tó bò ó."

Ọba jókòó sábẹ́ igi nínú àgbàlá, aṣọ òkè rẹ̀ wúwo lára rẹ̀, ó ń wo Abolé bó ṣe ń gun òrùlé ààfin. Kò bínú sí i. Ó kàn ní, "Ìwọ ni mo ti ń fi ṣe àwáwí fún wọn, Abolé. Kò sí ohun tí mo tún máa sọ mọ́." Abolé dúpẹ́, kò sì mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó tí bàbá rẹ̀ ta. Ẹ̀yìn koríko náà ti dúdú, àmọ́ inú rẹ̀ mọ́, ó gbẹ, ó sì ṣì ń ta òórùn oko.

Yàrá Bàbá Àgbà ti ń jò nígbà náà. Kò sí koríko mọ́ nítòsí tí wọ́n lè fi dí i. Abolé ṣà lára èyí tó tú ní ààfin, ìdì kan tí kò tíì tú ká, ó fi aṣọ bò ó, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé gbé e wálé, kí àwọn ará àdúgbò má baà rí i pẹ̀lú koríko lórí.

Bàbá Àgbà ní kí ó gbé e fún òun. Ó fi ìka wá inú ìdì náà, ó fà á díẹ̀, ìdí okùn sì jáde síta. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀.

Ó ní, "Kókó mi nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ti ààfin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ló tú u?"

Abolé kúnlẹ̀. Ojú tì í débi pé kò fẹ́ kí etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni."

Bàbá Àgbà ti ìdí okùn náà padà sínú ìdì, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi wọlé dáadáa. "O ṣeun tí o kò jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn tú u," ni ó wí. Ó wá fi ìdì náà lé e lọ́wọ́, ó ní kí ó tètè gun òkè, òjò ti ń ṣú.

Abolé gun òkè, ó sì so koríko ọba mọ́ orí yàrá bàbá rẹ̀. Ó so ó dáadáa, ó ta kókó rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó tẹrí mọ́lẹ̀ lẹ́yìn páànù ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣe é, kí àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà má baà rí i pé ó ń bo ilé.