Ọ̀rọ̀ Tí Fọláhàn Fi Sí Òkú Lẹ́nu

Fọláhàn kò mutí, kò sì jalè. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Landover, ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni.

Ní ọdún kẹta rẹ̀ ní yunifásítì, wọ́n yàn án sínú ètò ìwádìí ìgbà ooru kan. Wọ́n fi ètò náà ṣe ìrántí obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ dúdú nígbà tí òfin kò gbà kí wọ́n bá àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun kàwé pọ̀. Iṣẹ́ Fọláhàn ni kí ó lọ bá ọ̀kan lára àwọn tí obìnrin náà kọ́, màmá kan tó ti di arúgbó ní Hillcrest Heights, kí ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá náà retí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Fọláhàn bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tó fi máa kan ilẹ̀kùn, wọ́n ti sin màmá.

Dípò kó sọ òtítọ́, ó jókòó, ó kọ ìdáhùn fúnra rẹ̀, bí ẹni pé màmá ló sọ ọ́. Ìtàn tí ìyá àgbà rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ máa ń sọ ló kó síbẹ̀.

Olúwagbémiga, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ètò náà, rí i.

"Fọláhàn, irọ́ nìyí. Lọ sọ fún ọ̀gá wa."

"Pásítọ̀ Gbémiga! Ṣé o ti fẹ́ gba ọrẹ ni? Òkú kì í já èèyàn nírọ́."

"Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ọlọ́run kọ́ ló ń máàkì í."

Ọjọ́ tí wọ́n máa ka ìwádìí wọn pé. Gbọ̀ngàn kún. Fọláhàn kà á sókè pé, "Láràárọ̀ ni a máa ń kúnlẹ̀ kí olùkọ́ wa."

Obìnrin kan dìde. Anna ni, ọmọ màmá tó kú.

"Ìyá mi kò kúnlẹ̀ kí ẹ̀dá kankan rí. Olùkọ́ yẹn ló kọ́ wọn pé kí wọ́n nàró, kí wọ́n wo èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n bóyá mi ò mọ̀ ọ́n tán. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Fọláhàn ní fóònù tí òun fi gbà á sílẹ̀ ti bàjẹ́. Anna gbà á gbọ́. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ti sin aya mi. Mo mọ ohun tí obìnrin yẹn ń wá.

Ẹkún náà lé Fọláhàn jáde síbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Gbémiga tẹ̀ lé e.

"Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé mi."

"Wọ́n á lé ẹ."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Ojú á tì wọ́n. Mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n òpùrọ́ gan-an ni Jésù kú fún."

Níbẹ̀, láàárín mọ́tò méjì, Fọláhàn ké pe Jésù. "Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Gbà mí." Ó padà wọlé, ó sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn.

Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ètò náà. Anna kò dì mọ́ ọn. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé òmùgọ̀ ni, pé ì bá kúkú dákẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè mí ní òmùgọ̀," ni ó sọ fún ìyá rẹ̀. "Mi ò padà sẹ́yìn mọ́."

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, má bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì kò bò ó. Ìwé ẹ̀rí kò bò ó. Bí wọn yóò bá lé ọ, kí wọ́n lé ọ. Bí wọn yóò bá fi ọ́ ṣẹ̀sín, kí wọ́n ṣe é tẹ́rùn. Má sọ pé ó di ọ̀la. Dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún Jésù lónìí, bó ti rí gan-an. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í wẹ àwáwí. Ẹ̀ṣẹ̀ ló ń wẹ̀.