Àṣìṣe Ọwọ́ Yéjídé

Etí ọkùnrin náà ni Yéjídé kọ́kọ́ rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Oǹdó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi téèpù ìwọn-aṣọ kọ́rùn, oòrùn sì ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé débi pé etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n bí epo tuntun.

"Ẹ kú ulé o," ni ó wí.

Yéjídé wà nídìí òfì tí wọ́n gbé ti ògiri, ó ń fi òwú dúdú àti òwú àwọ̀ ewé hun kíjìpá, aṣọ kíki tí àwọn obìnrin ilé wọn ti ń hun kí ìyá ìyá rẹ̀ tó dáyé. Etí yẹn pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tí yóò fi padà wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ti fo òwú, ìlà ewé kan sì ti já síbi tí kò yẹ kó já sí.

"Ará Àkúrẹ́ ni yín, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín," ó ní. "Ẹ wá wo nǹkan tí ẹ ṣe. Ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́."

"Èmi? Mo kàn kí yín ni."

"Kíkí yín ló bà á jẹ́. Ta ló ní kí ẹ gbé irú etí bẹ́ẹ̀ wá sílé onílé?"

Ìyá rẹ̀, tí ó ń ran òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò rẹ́rìn-ín. "Tú u," ó ní. "Aṣọ ilé yìí kì í ní àléébù."

Ṣùgbọ́n Yéjídé kò tú u. Kò mọ ìdí tí kò fi tú u, àbí ó mọ̀ ọ́n, ojú ló kàn ń tì í.

Gbémiga ni orúkọ ọkùnrin náà. Télọ̀ ni ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, kíjìpá tí yóò fi rán dàńṣíkí fún oníbàárà kan ló sì wá wá. Ó rí èyí tó fẹ́, ó rà á, ó lọ. Kò pẹ́ tó fi padà wá. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ tó ní àléébù náà ti kúrò lórí òfì.

"Ó ti kúrò," ni Yéjídé wí. "Kò sẹ́ni tó máa rà á. Ẹ̀yin lẹ ni àṣìṣe inú rẹ̀, ẹ máa gbé e lọ."

"Lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀! Ẹja lẹ máa fi san án."

Bẹ́ẹ̀ ló di pé Gbémiga gbé aṣọ náà lọ, ẹja odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ sì ń wọ ilé náà. Bí Gbémiga bá ti dé, yóò gbé ẹja fún ìyá, yóò jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, yóò máa ká òwú fún Yéjídé, wọn yóò sì jọ máa tàkúrọ̀sọ. "Ẹ" di "o", "bùrọ̀dá télọ̀" di "Gbémi mi". Ní ọjọ́ kan ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ, ó fi wọn apá Yéjídé láìsọ̀rọ̀.

"Kí lò ń wọ̀n?"

"Apá ìyàwó mi ni. Mi ò fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ fún un."

Yéjídé bojú. Ní ilé wọn, ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ ló ń hun ìró tí yóò ró lọ sílé ọkọ, bí aṣọ náà kò bá sì tíì kúrò lórí òfì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dájọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ta òwú ìró náà sórí òfì.

Àsìkò náà kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni. Ìrẹsì ti di oúnjẹ ọdún, òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì, aṣọ sì ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ pa tì. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rà, kíjìpá ló máa ń rà, nítorí kì í gbó bọ̀rọ̀. Àfi bí wọn ò ṣe rà á mọ́ lójijì. Àwọn oníbàárà tó máa ń ti Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́ wá kò yọjú. Ìyá Yéjídé ní ebi tó wà nílùú ló fà á. Kì í ṣe ebi.

Yéjídé lọ ra òwú ní Ọjà Ọba, kó sì tún fojú kan olólùfẹ́ rẹ̀. Ó dé iwájú ìsọ̀ Olóyè Jíbọ́lá, gbajúmọ̀ oníṣòwò aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Kíjìpá rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ síta. Rárá o, àwòrán kíjìpá rẹ̀ ni, tí wọ́n tẹ̀ sórí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti òkè òkun wá, òkìtì lórí òkìtì.

"Àǹtí, ẹ wá ra Oǹdó!" ni ọmọbìnrin tó ń tà á ń ké. "Oǹdó tuntun dé, owó pọ́ọ́kú!"

Yéjídé fa aṣọ náà sún mọ́jú. Ìlà ewé kan já síbi tí kò yẹ kó já sí. Ó tú u síwájú, ìlà náà tún já. Ó tún tú u. Àṣìṣe ọwọ́ rẹ̀ wà ní gbogbo yáàdì, lójú kan náà, bí ẹni lu òǹtẹ̀. Wọ́n jí iṣẹ́ rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń jí! Ẹ̀rín rẹ̀ ọjọ́ yẹn, etí Gbémiga, ọ̀sán yẹn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sórí aṣọ tí yóò ṣí kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń tà á. Yéjídé ju aṣọ náà sílẹ̀.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù Gbémiga, tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ Olóyè. Ó bá a nídìí máṣíìnì. Aṣọ náà ló ń rán.

"Gbémiga, ta lo fún ní aṣọ mi?"

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí iṣẹ́. "Olóyè ní kí n yá òun, ó ní ó wu òun. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí, Yéjídé, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ fún un? Mi ò mọ̀ pé ó máa fi ránṣẹ́ sókè òkun."

"Nígbà tí ẹrù dé ńkọ́? O ò rí ìlà tó já yìí?"

Ó fi ọwọ́ bo ìlà náà. Bó ṣe bò ó yìí dun Yéjídé ju olè tí wọ́n jà á lọ.

"Mo rí i," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ọjọ́ tí wọ́n tú ẹrù náà ni mo ti rí i."

"O rí i, o sì ń rán an! O tún ń wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ò ń ká òwú fún mi! Gbémiga, ìwọ nìkan ni mo fún ní àṣìṣe mi. Mi ò fún ẹlòmíràn rí."

Ó padà sí Oǹdó láìra òwú. Ó da aṣọ bo ìró tó ti hun dé ìdajì, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tí Gbémiga wá bẹ̀bẹ̀, ìyá ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi kò sí nílé," ni ìyá wí. Yéjídé ń gbọ́ ọ láti inú yàrá, ó ń sunkún, inú sì ń bí i pé òun ń sunkún.

Olóyè Jíbọ́lá ní tirẹ̀ ń kọ́lé. Ìjókòó iwájú ni wọ́n ń fi í sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kó aṣọ náà fún àwọn opó ìjọ, wọ́n sì kí i kú oore. Ẹ gbọ́ ná, àwọn opó! Opó kan ń bẹ ní Oǹdó, ìyá Yéjídé, tí kò rí kíjìpá kan ṣoṣo tà mọ́ nítorí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kadà kan dúró níwájú ilé. Gbémiga ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé orí máṣíìnì sórí itan bí ẹni gbé ọmọ, ó ti rù, eruku sì bò ó. Yéjídé ló kọ́kọ́ jáde sí i.

"Kí lèyí?"

"Olóyè lé mi. Gbogbo ẹni tó bá gbé aṣọ yẹn wá rán ni mo ń fi ìlà tó já hàn, mo ń sọ ẹni tó hun ún fún wọn, mo sì ń dá a padà fún wọn. Mo ní kí Olóyè fún mi ní ojúlówó rẹ̀ tí mo yá a, ó ní àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ti sọ ọ́ nù. Mo bá pariwo olè lé e lórí láàárín ọjà."

"Kí ni wọ́n wá ṣe fún un?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n ní kí n má dójú ti àgbà. Wọ́n ṣì ń rà á." Ó gbé orí máṣíìnì náà sílẹ̀. "Mi ò rí aṣọ rẹ gbà padà, Yéjídé. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí mo rí i. Ẹ̀rù bà mí nítorí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́ báyìí, ẹ̀rù náà sì ti lọ."

Yéjídé wò ó títí. Inú ṣì ń bí i, ó sì fẹ́ràn ọkùnrin yìí dé ọkàn, méjèèjì ló wà lára rẹ̀ pọ̀.

"Ẹja mi dà?"

"Mi ò rówó ẹja."

Ìyá ló sọ̀rọ̀ láti inú ilé. "Ẹ gbé máṣíìnì yẹn kúrò nínú oòrùn."

Yéjídé ká aṣọ kúrò lórí òfì, ó gbọn eruku rẹ̀, ó jókòó. Gbémiga jókòó sórí àpótí rẹ̀ àtijọ́, ó mú òwú, ó ń ká a. Yéjídé hun ún lọ díẹ̀. Nígbà tó kan òwú ewé, ó fò ó, ojú rẹ̀ sì wà lórí iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìlà náà já.

"Ìyá mi," ni ìyá rẹ̀ wí, bó ṣe máa ń pè é láti kékeré, "tú u."

"Mi ò tú u, Màmá. Aṣọ Olóyè ni ọ̀pọ̀ àlejò máa wọ̀ wá síbi ìgbéyàwó mi, torí òun ni agbára wọn ká. Kí wọ́n wo ara aṣọ wọn, kí wọ́n wá wo tèmi, kí wọ́n mọ ọwọ́ tí wọ́n ti jí i."

Ìyá súnmọ́ òfì, ó fi ìka kan ibi tí ìlà já sí. Ó wo Gbémiga, ó wo ọmọ rẹ̀. Ìdajì ìró náà ṣì kù láti hun.

"Ẹ dá ọjọ́," ó ní.