Apòògùn àti Olùṣọ́ Kọ̀ńténà

Aárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni apòògùn ilé ìwòsàn gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, ó gbá páálí abẹ́rẹ́ kan máyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó kan ilẹ̀kùn yàrá àwọn ẹlẹ́rọ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan péré, kò dúró gbọ́ ìdáhùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo gbé dání yìí?"

Obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ìdúró ló wà, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ kọ̀ǹpútà, ó fi èkejì mú búrẹ́dì. "Páálí abẹ́rẹ́ ni, sà."

"Ẹ ṣeun. Torí olùrànlọ́wọ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé kò ku ẹyọ kan nínú ilé yìí."

Inú kọ̀ǹpútà ni olùrànlọ́wọ́ náà ń gbé. O bá a sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí o ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, á sì fèsì. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lójú, kò lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ mọ oògùn tó kù lórí pẹpẹ, àfi kó rán ètò kékeré kan níṣẹ́; bó bá fẹ́ mọ bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, yóò rán òmíràn. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti fi ètò kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ńténà tirẹ̀, kó sì máa ṣọ́ wọn kí wọ́n má kú. Kọ̀ńténà wọ̀nyí kì í ṣe ti irin o. Àpótí inú kọ̀ǹpútà ni, tí a di gbogbo ohun tí ètò kan nílò sí, kí wàhálà ọ̀kan má bàa ran èkejì.

Obìnrin náà tẹ bọ́tìnì mélòó kan, ojú rẹ̀ yí padà. "Mo pààrọ̀ àpótí ètò oògùn láàárọ̀ yìí. Gbogbo ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ ti bá a lọ."

"Ó bá a lọ síbo?"

"Kò sí mọ́ ni, sà."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kà á!"

"Ó yẹ kí n ti so ibi ìpamọ́ mọ́ ọn láti ìta, kí àpótí lè kú kí àkọsílẹ̀ má kú. Mi ò ṣe é. Ẹ̀bi mi ni."

Ìjà ni apòògùn múra wá jà, ṣùgbọ́n ta ni í bá ẹni tó ti gba ẹ̀bi jà? Ó dúró bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn tí kò tì.

"Mo máa wá bá yín kà á," obìnrin náà sọ. "Lónìí."

Ẹsẹ̀-ò-gbélé ni ìyá obìnrin náà sọ ọ́ láti kékeré, orúkọ ọ̀hún ni gbogbo ilé ìwòsàn sì ń pè é. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ka oògùn. Apòògùn á jókòó, á máa kọ. Ẹsẹ̀-ò-gbélé á máa lọ, á máa bọ̀ láàárín pẹpẹ, á máa pe iye.

"Ṣé ẹ kì í jókòó ni?" apòògùn bi í lọ́jọ́ kejì.

"Bí mo bá jókòó, ọkàn mi á dìde."

Apòògùn rẹ́rìn-ín títí ó fi kọ iye ṣì. Nígbà tí wọ́n parí lọ́jọ́ kẹta, inú àwọn méjèèjì bàjẹ́ pé kò sí oògùn láti kà mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ọkùnrin náà tún gun àtẹ̀gùn wá, kò gbé páálí kankan dání.

"Kí ló tún bàjẹ́, sà?"

"Kò sí. Èmi ni. Mi ò lè ṣiṣẹ́."

Bí "ẹ" ṣe di "o" láàárín wọn nìyẹn. Apòògùn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ọkàn mi". Òun náà ń pè é ní "olówó orí mi" nígbà tí kò sí ẹni tó gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ń bẹ nílé. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n apòògùn. Òun ló tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí àwọn òbí wọn ti kú, ohun tó bá sì ti sọ, abẹ ti gé e. Lọ́jọ́ Àìkú tí apòògùn mú olólùfẹ́ rẹ̀ wá jẹun, fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ẹsẹ̀-ò-gbélé sì dìde nídìí oúnjẹ.

"Ẹ má bínú, mà. Kọ̀ńténà kan ló kú, mo fẹ́ jí i dìde."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ọ̀fọ̀," ẹ̀gbọ́n dáhùn, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Èyí tí o mú wá yìí kì í ṣe ìyàwó. Èrò ọ̀nà ni. Kò tíì wọlé tán, ó ti ń lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́. Mi ò tíì gbà."

Oṣù mẹ́rin kọjá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ẹsẹ̀-ò-gbélé fẹ́ gbé àpótí tuntun jáde fún ètò oògùn. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé, "Jẹ́ kó di ọ̀la, ká jọ wò ó." Ara rẹ̀ kò gbà á. Kó tó di ọ̀sán, ó ti gbé e jáde.

Àpótí náà gbéra dáadáa, gbogbo àmì rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, pé kò sí wàhálà. Àṣé àdírẹ́sì tó fún un láti máa lọ ka iye kì í ṣe ti àkọsílẹ̀ oògùn gan-an. Ti ìdánrawò ni, tí wọ́n kó iye àfọwọ́dá kún inú rẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ sọ fún àwọn oníṣẹ́ abẹ pé oògùn oorun méjìlá wà nílẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ti wà lórí tábìlì, aṣọ iṣẹ́ abẹ lọ́rùn, kí wọ́n tó rí i pé kò sí ẹyọ kan. Wọ́n ní láti gbé e padà sí wọ́ọ̀dù, ó ń gbọ̀n, àwọn ọmọ rẹ̀ ń pariwo. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ọlọ́run yọ ọ́.

Kí ariwo tó tán ni Ẹsẹ̀-ò-gbélé ti rí àṣìṣe rẹ̀. Ó yí àdírẹ́sì padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Apòògùn pè é nírọ̀lẹ́. "Wọ́n ti fún mi ní ìwé kí-lo-rí-tó-o-fi-ṣe-é. Mo sọ fún wọn pé kò lè jẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ, mo mọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo kọ iye ṣì."

"Pẹ̀lẹ́, olólùfẹ́ mi," ni Ẹsẹ̀-ò-gbélé sọ.

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi rìn yí yàrá rẹ̀ po. Lọ́jọ́ kẹta, níwájú ìgbìmọ̀, ọ̀gá àgbà ní kí apòògùn ṣàlàyé ara rẹ̀. Bó ṣe ní "Mo tọrọ àforíjì" báyìí, Ẹsẹ̀-ò-gbélé dìde láàárín èrò.

"Ẹ má jẹ́ kó tọrọ nǹkan kan. Èmi ni. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà."

Wọ́n fa ìwé apòògùn ya, wọ́n kọ tirẹ̀. Ìyẹn kò dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé apòògùn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò wò ó lójú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò gbé fóònù rẹ̀.

"O ti bẹ̀ ẹ́?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo kọ̀wé ránṣẹ́ sí i, ìgbà mẹ́wàá, Màámi."

"Ẹ̀bẹ̀ orí fóònù! Ọmọ mi, ẹni tó ṣẹ èèyàn lójúkojú, ojú ló ń gbé lọ bẹ̀ ẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ó gba ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ. Ẹ̀gbọ́n wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Fóònù rẹ dà?"

"Mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mà. A ti jọ pín ìṣọ́ náà. Ẹnì kan kì í dá àpótí gbé jáde mọ́."

"Jókòó. Ó ń bọ̀."

Ó jókòó. Wákàtí kan, wákàtí méjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò dìde. Ẹ̀gbọ́n ń ránṣọ, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó.

Apòògùn wọlé, ó rí i, ó fẹ́ yí padà.

"Má lọ," ẹ̀gbọ́n sọ. "Ó ti pẹ́ níbí."

Apòògùn fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. "Kì í ṣe àṣìṣe yẹn ló dùn mí. Ọjọ́ méjì yẹn ni. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, o ò mọ̀ mí rí, o sọ òótọ́ fún mi. Nígbà tí o wá mọ̀ mí tán, o jẹ́ kí n máa fi ẹnu ara mi ba ara mi jẹ́."

"Nígbà yẹn, kò sí ohun tí mo lè pàdánù," Ẹsẹ̀-ò-gbélé dáhùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀rù bà mí pé wàá lọ. Mo dákẹ́, o sì lọ náà. Jọ̀ọ́, ọkàn mi, dárí jì mí."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Bó bá tún ṣẹlẹ̀ ńkọ́?" apòògùn bi í.

"Á ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ mi ni, nǹkan á máa bàjẹ́. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ gbọ́."

Apòògùn rìn wọlé díẹ̀díẹ̀, ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó gba ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ̀n ọ́n."

"Kí n wọ̀n ọ́n fún kí ni?"

"Fún aṣọ ìgbéyàwó."

Ẹ̀gbọ́n fa téèpù yọ lọ́rùn, ó fi ìgbálẹ̀ gbá awẹ́ aṣọ kúrò láàárín ilẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí obìnrin náà. "Dìde, ìyàwó wa. Gbé apá sókè." Ó yí téèpù mọ́ ọn láyà, ó dúró díẹ̀. "Àyà rẹ ń lù kìkìkì."

"Ẹ má bínú, mà."

"Jẹ́ kó máa lù. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jókòó ti ẹ̀rọ aláriwo," ẹ̀gbọ́n dáhùn, ó sì kọ iye náà sílẹ̀.