Àpò Olú Tó Kọjú sí Ògiri

Moṣọpẹ́ ti fẹ́ bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó rí i: àmì aláwọ̀ ewé kan, kò ju èékánná lọ, lára ọ̀kan nínú àwọn àpò olú. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ yìí ní River Road ló mọ òfin. Àpò tó bá ti bu, ìta ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún Mọ́mì Tósìn, ọ̀gá wọn, nítorí bó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò ran àwọn yòókù. Moṣọpẹ́ wo àpò náà títí. Ó yí i kọjú sí ògiri, ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìkà. Bàbá rẹ̀ ló kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí òun àti ìyá rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Barking ní London, kò lè lọ sìnkú. Orí fóònù ni wọ́n ti wò ó bí wọ́n ṣe ń bo sàréè. Láti ìgbà náà, gbogbo ara ọmọ náà kàn kú ni. Kò sunkún. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì korò. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn gbàdúrà títí, ó ń ṣe àmín bí ẹni tó ń dáhùn orúkọ ní kíláàsì.

Ìyá rẹ̀ ló bẹ Mọ́mì Tósìn, tí wọ́n jọ ń jọ́sìn, pé kó gbà á fún iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí tí àwọn ilé oúnjẹ ìbá dà nù, tó ń dì sínú àpò, ni obìnrin yìí ti ń gbin olú, tó ń tà á ní ọjà East Street fún àwọn tí dókítà ní kí wọ́n dín ẹran kù. Àwọn tí ilé iṣẹ́ mìíràn kò gbà ló sì máa ń gbà. Ọ̀kan nínú wọn ni Lazarus, ọ̀dọ́kùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Òun ló ń yẹ àwọn àpò wò, ó sì máa ń kí wọn ní "good morning" lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí Moṣọpẹ́ yí àpò náà, gbogbo àpò tó wà ní ìlà rẹ̀ ti bu. Mọ́mì Tósìn káwọ́ lérí.

"Ta ló yí àpò yìí kọjú sí ògiri? Lazarus, ṣé ìwọ ni?"

Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbóhùn sókè, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni Lazarus mọ̀. "Sorry, ma," ó wí. "Sorry, ma."

"Mo ti sọ fún ẹ, this work no be play! Ó dáa, máa lọ sílé ná. Màá pe mummy ẹ."

Moṣọpẹ́ dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń retí kí àyà òun já, kí ojú ti òun, kí nǹkan kan sáà gún òun lọ́kàn, kó lè la ẹnu. Kò sí nǹkan kan. Ó wo Lazarus bó ṣe ń bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó sì padà sí ilẹ̀ gbígbá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ tí ìyá Lazarus ń sọ fún Mọ́mì Tósìn pé ọmọ òun kì í dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Moṣọpẹ́ tún dúró de ọkàn rẹ̀. Ọkàn náà dákẹ́. Ó wá yé e pé bí òun bá ń dúró dè é, Lazarus ni yóò máa jẹ ìyà rẹ̀.

"Mọ́mì, èmi ni mo yí àpò yẹn," ó wí. "Mo rí i pé ó ti bu. Mi ò gbé e jáde."

Mọ́mì Tósìn yanu. "Moṣọpẹ́! O wà níbẹ̀ nígbà tí mo lé e! Why now?"

"Mo ń retí kó dùn mí, ma. Kò dùn mí. Mo kàn mọ̀ pé èmi ni."

Ìyá Lazarus kò bú u. "Ọmọ mi kò níṣẹ́ kankan rí kó tó débẹ̀," ó wí, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mọ́mì Tósìn lọ bẹ Lazarus nílé wọn ní Rush Green. Ó pẹ́ kó tó gbà láti padà. Nígbà tó dé, ẹ̀rù àwọn àpò ń bà á. Iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ti ń dúró, tí yóò bèèrè pé, "Ṣé kí n fọwọ́ kàn án?" Mọ́mì Tósìn ní Moṣọpẹ́ ni kó máa dúró tì í, kó máa dá a lóhùn.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, bùrọ̀dá mi. Ẹ ò ṣe nǹkan kan tó burú."

Omijé kò tíì dé ojú Moṣọpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn dúró kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dun òun kó tó sọ òótọ́. Bí òun ṣe ń dúró yẹn, ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Lazarus fi ìka kan àpò náà, ó yára fà á padà, ó sì tún bi Moṣọpẹ́ nípa àpò tó kàn.