Kozue àti Wẹ́dà tó ń Kọ́ Èdè Wa

Etí ọkùnrin kan ni Kozue kọ́kọ́ rí. Kámẹ́rà ọkùnrin náà wọ́, etí kan àti ìdajì ẹ̀rín nìkan ló yọ lójú kọ̀ǹpútà, adìẹ kan sì ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ni ilé. Ó tún ìjókòó ṣe, ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan tábìlì. Ó ní Khánh lòun ń jẹ́, wẹ́dà lòun ní Vietnam, òun ti ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun lẹ́bàá erékùṣù wa, ó kù kóun gbọ́ èdè Japan.

Kozue, ọmọbìnrin tí Bàbá Okano ọlọ́sàn bí ní ọmọ kan ṣoṣo, ti ń kọ́ àwọn àjèjì lédè lórí ayélujára tipẹ́, àmọ́ kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀wọ̀ tó yìí. Bí ebi bá ń pa Khánh, á sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọba sọ̀rọ̀.

"Tó o bá sọ̀rọ̀ báyìí níbi iṣẹ́," Kozue wí, "wọ́n á rò pé o wá ra iléeṣẹ́ náà ni."

"Ẹ má bínú, Olùkọ́. Èyí tí wọ́n fi ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ ò tíì kọ́ mi."

Kozue kọ́ ọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Kí Khánh tó wọkọ̀ wá, ẹ̀kọ́ ti ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, Kozue sì ti ń tún irun ṣe kó tó tan kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, tí wọ́n rí ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀, ojú ti àwọn méjèèjì. Gbogbo èdè tí Khánh ti kọ́ fò lọ lórí rẹ̀. Kozue gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó jẹ́ kí wọ́n lọ jẹun.

Nígbà tó tó àkókò láti wá rí Bàbá, Khánh ra agbọ̀n èso, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú wọn. Kò rí òmíràn rà àfi ọsàn. Ó gbé ọsàn lọ bá àgbẹ̀ ọlọ́sàn, ọsàn àwọn ará erékùṣù kejì pàápàá, àwọn tó ń bá a du ọjà, tí Bàbá Okano kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn nídìí oúnjẹ. Bàbá wo agbọ̀n náà títí. Ṣùgbọ́n Khánh ti kọjá lọ síwájú pẹpẹ ìrántí ìyá Kozue tó ti kú, ó gbé ọsàn síbẹ̀, ó tan tùràrí, ó kúnlẹ̀. Ojú Bàbá rọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé tíì wá.

Lẹ́yìn tíì ló tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ilé Okano kò ní ọmọkùnrin. Nílẹ̀ wa, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ ọmọ lè wọlé wá, kó fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, kó máa jẹ́ orúkọ ilé ìyàwó, kí ilé má bàa pa run.

"Mi ò bínú pé o jẹ́ àjèjì," Bàbá wí. "Jẹ́ Okano, kó o fẹ́ ọmọ mi."

Khánh gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ojú omi ni bàbá tirẹ̀ kú sí, wọn ò rí òkú rẹ̀ sin, òun nìkan lọmọ.

"Bàbá, ẹ má bínú. Orúkọ yẹn nìkan ni mo rí gbà lọ́wọ́ òkun. Mi ò lè fi í sílẹ̀."

Ó tẹrí ba, ó lọ. Ta ló máa dá a lẹ́bi? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Kozue sáré bá a, ó ní òun á bá a lọ ibi yòówù tó bá ń lọ. Khánh kọ̀. Ìyá tirẹ̀ náà ń dá gbé nílé, ó ní òun mọ bó ṣe ń rí, òun ò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ kan bàbá ẹlòmíì. Báyìí ni Khánh padà síbi iṣẹ́, ẹ̀kọ́ sì dúró. Ọmọbìnrin náà rù lójú wa, ìrẹsì tó bá bù, ibẹ̀ náà ló ń tutù sí.

Ohun kan wà tí gbogbo erékùṣù mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ: Bàbá Okano fúnra rẹ̀, ọkọ tó wọlé wá ni. Orúkọ ilé ìyá Kozue ló ń jẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oko, Kozue dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Bàbá, kí lorúkọ yín kí ẹ tó fẹ́ ìyá mi?"

Bàbá náà dáwọ́ tirẹ̀ dúró. "Hiura."

"Ṣé ó dùn yín?"

"Ìyá rẹ wù mí ju orúkọ lọ. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí, mi ò kàn rẹ́ni bi mí ni."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá wọ kóòtù òde, ó jókòó sí àyè Kozue nídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kó pe Khánh fún òun. Khánh rò pé Kozue ni. Bó ṣe rí Bàbá, ó fò dìde.

"Jókòó," Bàbá wí. "Èmi lakẹ́kọ̀ọ́ lónìí. Kọ orúkọ bàbá rẹ kí n rí i. Mo fẹ́ gbẹ́ ẹ sára pákó orúkọ ẹnu ọ̀nà wa. Máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ; tí ẹ bá ń gbé inú ilé yìí, ilé kò ní pa run. Ìyẹn tó mi."

Khánh kọ ọ́: Đinh. Bàbá ń dà á kọ, ó ń ṣì í kọ, Khánh ń tọ́ ọ sọ́nà, omijé sì ń bọ́ lójú Khánh sórí tábìlì. Kozue dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò wọ́n.

Ìgbà tí ọsàn ń yọ òdòdó ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Àwa aládùúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ń ka pákó: Okano, Đinh lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Hiura nísàlẹ̀. Ẹnì kankan ò béèrè nǹkan kan. Tọkọtaya náà ń rẹ́rìn-ín láàárín ilé, Bàbá sì jáde wá kí wa káàbọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ kí i. Mo pè é ní Bàbá Hiura, ó sì jẹ́ mi.