Ọ̀fẹ́ Tètèdé àti Owó Ẹgbẹ́

Ọ̀sán Sátidé ni. Ọládùnní ń ṣa ẹ̀wà nínú pálọ̀ wọn ní Ọgbà, nílùú Èkó, ọkọ rẹ̀, Olúgbénró, tó jẹ́ olùkọ́, ń máàkì ìwé ìdánwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná wà, ara sì tù wọ́n. Ó gbé ẹ̀wà sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì mú fóònù rẹ̀ láti ra nǹkan tí ẹgbẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ rán an. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé nítorí ohun tó fẹ́ ṣe yìí ni wọ́n máa fi pè é ní olè, ẹ̀rín ni ì bá kàn rín.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìlúpéjú ni Ọládùnní ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń di bisikíìtì sínú páálí. Àwọn obìnrin ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Ìfẹ́sowápọ̀. Wọ́n ń dá owó lóṣooṣù, kó lè jẹ́ pé bí ẹnì kan bá bímọ tàbí tó bá ṣàìsàn, ẹgbẹ́ á lè dúró tì í. Wọ́n sì ní òfin kan tí wọ́n fi ń yangàn: káàdì ATM ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ akápò, ìyẹn Ọládùnní, ṣùgbọ́n orí fóònù alága ni alẹ́ẹ̀tì báńkì ń wọlé sí, ìyẹn Àlàájà Fàúsát, obìnrin Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó mú káàdì kì í rí alẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń rí alẹ́ẹ̀tì kò mú káàdì. Wọ́n ní olè ò lè ráàyè wọlé láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní kó rà, nítorí pé obìnrin kan ti ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Ó rí ọ̀kan tó dára ní ilé ìtajà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká máa pe ilé ìtajà náà ní Tètèdé. Iye tí wọ́n dá lé ẹ̀rọ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, àfi ìgbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó tó rí i pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ti gorí rẹ̀, owó tí wọ́n máa fi gbé ọjà wá sílé. Inú bí i. Lójú ẹsẹ̀ ni àpótí aláwọ̀ ewé kan yọ sójú fóònù, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba ló wà nínú rẹ̀ pé Ọ̀FẸ́, kó wọ ẹgbẹ́ Tètèdé Àgbà lónìí, kí wọ́n gbé ọjà rẹ̀ wá lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ti bá a fi àmì sí i pé ó gbà. Lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín aláwọ̀ eérú kan wà nísàlẹ̀ tí kò kà. Ta ló ń ka irú rẹ̀? Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa kà á, ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ó tẹ nọ́ńbà káàdì ẹgbẹ́ sí i. Báńkì fi nọ́ńbà OTP tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí owó ránṣẹ́, fóònù Àlàájà ló sì wọlé sí. Ọládùnní pè é pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun kà á. Àlàájà ń din ẹran lọ́wọ́. Ó ka nọ́ńbà náà fún un, ó sì padà sídìí ẹran rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lókè nọ́ńbà yẹn tí òun náà kò kà. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, gbogbo obìnrin wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n sì yin akápò wọn.

Oṣù kan kọjá, Tètèdé yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Oṣù kejì pé, ó tún yọ ọ́. Àlàájà ń rí àwọn alẹ́ẹ̀tì náà, ṣùgbọ́n báńkì ti mọ́ wa lára débi pé a kì í bèèrè mọ́. Wọ́n á yọ owó alẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yọ owó káàdì, wọ́n á yọ èyí tí a ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Àlàájà rò pé báńkì náà ni. Á kùn díẹ̀, á sì gbé fóònù sílẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ fún oṣù mẹ́sàn-án.

Ìgbà náà ni Munirat, ọ̀kan nínú wọn, bímọ ní ọsibítù kan ní Agége. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Ẹgbẹ́ ní láti fún un ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà, ni Ọládùnní àti Aisha, akọ̀wé ẹgbẹ́, bá lọ sọ́dọ̀ oní-POS tó wà níwájú géètì ilé iṣẹ́. Oní-POS fi káàdì sínú ẹ̀rọ, ó ní owó tó wà níbẹ̀ kò tó. Ó tún un ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde. Aisha wo Ọládùnní láti òkè délẹ̀.

"Ìyá Déolú, níbo lowó wà?"

Kí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tó gbéra lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti kárí. Ẹnì kan rántí pé Ọládùnní ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù tuntun. Ẹlòmíì rántí bàtà tó wọ̀ lọ́jọ́ ọdún Àjíǹde. Ẹni tó máa ń jókòó tì í nínú ọkọ̀ kọjá lọ sẹ́yìn. Wọ́n fi ìpàdé sí ọjọ́ Ẹtì.

Jìnnìjìnnì bá Olúgbénró nígbà tó gbọ́. Ó ní òun á yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù àwọn olùkọ́, kí Ọládùnní san án ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Ó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

"Mi ò ní san án, Bàbá Déolú," ni Ọládùnní dáhùn. "Ẹ̀sín wo ló tún ju kéèyàn san ohun tí kò jẹ? Ọjọ́ tí mo bá san án ni mo jẹ́wọ́."

"Kí làwọn èèyàn á wá máa wí?"

"Wọ́n ti ń wí i tẹ́lẹ̀. Èmi á mọ ibi tówó yẹn wọlé sí."

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Àlàájà bá òun lọ sí báńkì. Àlàájà kọ́kọ́ ń lọ́ra, nítorí pé òun gan-an ti ń fura. Ọládùnní sọ fún un pé bó bá jẹ́ òun lòun jí i, níṣojú Àlàájà ni kí wọ́n ti mú òun. Ni wọ́n bá jọ lọ sí ẹ̀ka tó wà ní Maryland. Ọmọbìnrin tó dá wọn lóhùn níbẹ̀, Ọlámijùlọ, wo ìṣirò náà, ó sì fi ìka tọ́ka sí orúkọ kan ṣoṣo tó ń padà wá lóṣooṣù: Tètèdé.

"Ẹ̀yin lẹ fún wọn láṣẹ, mà," ló wí. "Oṣù àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á máa yọ ọ́ títí ẹ ó fi ní ó tó. Bẹ́ ẹ bá kàn yọ áápù wọn kúrò lórí fóònù, kò dá nǹkan kan dúró. Ẹ ní láti wọ inú ẹ̀ kẹ́ ẹ fagi lé e, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ibi tí wọ́n ti ní ó ti parí, kó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ lẹ́tà sílẹ̀ fún àwa náà, ká lè pa káàdì yìí, ká fún yín ní òmíràn."

Àlàájà ti gbé awò sójú, ó ń wá ọ̀rọ̀ ọjọ́ ẹran díndín lórí fóònù rẹ̀. Ó rí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé nọ́ńbà náà ni wọ́n máa fi fọwọ́ sí owó tí Tètèdé yóò máa yọ lóṣooṣù. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ojú sì tì í.

Ibi tí èèyàn ti ń wọ ẹgbẹ́ Tètèdé kò ju títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ibi tí èèyàn ti ń jáde, ojú ìwé lórí ojú ìwé ni. Wọ́n bi í bóyá ó dá a lójú, wọ́n tún bi í, wọ́n ní kó máa san ìdajì. Ọládùnní jáde, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì pè wọ́n lórí fóònù láti gba owó tó ti lọ. Ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan ló gbé e.

"Àǹtí, owó kékeré mà ni."

"Bó bá kéré, ẹ dá a padà."

Ọkùnrin náà ní òfin àwọn kò gba bẹ́ẹ̀. Ọládùnní ní kò burú, òun á kọ̀wé sí àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, òun á sì fi fọ́tò lẹ́tà aláwọ̀ eérú yẹn sínú rẹ̀. Kì í ṣe ẹnu lásán. Kó tó sùn lọ́jọ́ náà, ó ti kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n pé jọ sí yàrá ìjẹun ilé iṣẹ́. Àlàájà ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí ní báńkì, kò sì fi ẹ̀bi tirẹ̀ pamọ́. Síbẹ̀, Aisha ní ẹni tó tẹ káàdì ni kó san án. Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọládùnní dìde.

"Mo jẹ̀bi ohun kan," ló wí. "Mo fi káàdì gbogbo wa sí ibi tí mi ò kà tán. Ẹ gba ipò akápò lọ́wọ́ mi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní dá owó yẹn san, torí mi ò jẹ ẹ́. Ẹni tó jẹ ẹ́ ṣì ń jẹ lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nínú owó tiyín náà. Ẹ ṣí fóònù yín. Ẹ wo alẹ́ẹ̀tì oṣù tó kọjá, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ orúkọ gbogbo àwọn tó yọ owó rẹ̀."

Wọ́n ṣí i. Obìnrin kan rí owó fíìmù tí kò wò mọ́ láti ìgbà tó ti pààrọ̀ fóònù. Aisha ti gba òróró irun kan nígbà kan, tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, pé kó ṣáà san owó tí wọ́n á fi gbé e wá. Wọ́n ṣì ń yọ owó rẹ̀ di oṣù yẹn. Ó da ojú fóònù rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì.

Aisha kò tọrọ àforíjì. Ẹgbẹ́ gba káàdì lọ́wọ́ Ọládùnní, wọ́n fi ẹlòmíì ṣe akápò, wọ́n sì pín àdánù náà láàárín gbogbo wọn. Tètèdé dá owó oṣù méjì padà lẹ́yìn tí àjọ náà kọ̀wé sí wọn, èyí tó kù wọgbó. Gbèsè ni Munirat fi kúrò ní ọsibítù, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì kọjá kí owó rẹ̀ tó pé. Títí dòní, àwọn kan wà nínú ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tí kì í jókòó ti Ọládùnní. Ó ń dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n ó ń wọlé, ó ń kí wọn, ó sì ń jókòó níwájú níbi tó wù ú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n máa pè yín ní olè. Iye tó wà lójú ọjà kọ́ ni iye ọjà. Èyí tó wà níbi tí ẹ ti fẹ́ tẹ ìsanwó ni iye rẹ̀, nítorí náà ẹ dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan. Àmì tí ẹ̀yin ò fi ọwọ́ ara yín fi síbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Bí wọ́n bá ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá ohun tí wọ́n kọ nípa oṣù kejì. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ sanwó nígbà tí ọjà bá dé ọwọ́ yín, tàbí kẹ́ ẹ lo káàdì tí owó inú rẹ̀ kò ju owó ọjà lọ. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó bá OTP wá, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan. Owó ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí ojú tó ju ẹyọ kan lọ máa rí alẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti rẹ́ yín jẹ, ẹ má ṣe tìjú dákẹ́, torí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa ni wọ́n ń jẹ. Ẹ pè wọ́n, ẹ kọ̀wé, ẹ bèèrè owó yín. Nígbà mìíràn tí lẹ́tà gàdàgbà-gadagba bá sì kígbe ọ̀fẹ́ sí yín, ẹ bi ara yín léèrè: bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà káàdì yín ṣe?