Àdín Kò Gbọdọ̀ Wọlé

Apá mi ọ̀tún ni Kòkúmọ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kí ó tó mọ orúkọ mi.

Télọ̀ ni, ní Ìlaròó. Nọ́ọ̀sì Jemima ló ní kí n lọ rán apá aṣọ kan tí yóò fún mọ́ mi lára pinpin, kí ó máa tẹ àpá iná mọ́lẹ̀. Ìkòkò àdín tí ìyá mi ń sè ló dà lé mi láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Egbò ti jinná, ṣùgbọ́n apá mi ti di àpá. Ó le, ó yọ sókè, n kò lè nà án gún.

Mo rò pé télọ̀ náà á gbójú kúrò. Ó fi tépù wọ̀n ọ́n, ó ní, "Ṣé ó ń yún ẹ?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, "Ó ń yún mi, bùrọ̀dá."

Ó fi àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ hàn mí. Àbíkú ni wọ́n pè é ní kékeré, ìyá rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n fi abẹ sàmì sí i kí ó lè dúró. "Tèmi ò yún mi mọ́," ló wí. "Tìẹ náà á dákẹ́."

Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára láti ọjọ́ náà. Ó tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ àpá: fi ìka tẹ̀ ẹ́, yí i róbótó, ṣe é láàárọ̀, ṣe é nírọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì ní òróró tí kò bá ti ní lọ́fínńdà dára. Ìyá mi ní kí ló tún dára ju àdín lọ. Àdín náà ni Kòkúmọ́ fi ń wọ́ mi ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Ọ̀dàn, ìyá mi á jókòó tì wá, títí apá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í nà.

Ọjọ́ tí ó mú mi lọ kí ìyá rẹ̀, òun ló ní kí n wọ aṣọ alápá péńpé. Mo wọ̀ ọ́ nítorí tirẹ̀.

Ìyá rẹ̀ gbóòórùn mi, ó dìde. "Ta ló gbé àdín wọ ilé Èṣù?"

Gbogbo ọmọ aládìn-ín ló mọ̀ pé àdín ni èèwọ̀ Èṣù. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ilé Èṣù ni ilé wọn, torí ṣọ́ọ̀ṣì ni Kòkúmọ́ ń lọ. Màmá ní kí n jáde. Ó ní ọmọ tí iná ti jẹ lápá, òun ló tún wá fẹ́ ba ilé òun jẹ́. Wọ́n da omi sí ibi tí mo dúró sí. Kòkúmọ́ ń wolẹ̀.

Ó tẹ̀ lé mi jáde. Lójú ọ̀nà ni mo ti kọjú sí i.

"Kòkúmọ́." N kò fi bùrọ̀dá sí i. "Ọwọ́ ẹ ló fi àdín yẹn wọ́ mi láàárọ̀ yìí. O mọ̀, o sì dákẹ́."

Ó ní òun rò pé ìyá òun ò ka nǹkan wọ̀nyẹn sí mọ́. Ó ní kí á máa lo òrí. Ó ń pè mí ní olólùfẹ́ òun.

"N kò bínú sí èèwọ̀," mo ní. "Èèwọ̀ ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ìwọ ni mò ń bínú sí. Wọ́n da omi lé mi lẹ́yìn, o ò lè sọ pé ìwọ lo fà á."

Mo lé e. Ọwọ́ òsì mi ni mo fi ń wọ́ ara mi, tìbínú-tìbínú, títí ìyá mi fi sọ pé mo ń wọ́ ọ bí ẹni ń jà.

Nígbà tí ó padà wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Ó ní òun ti jẹ́wọ́ fún ìyá òun lójú gbogbo ará ilé pé òun ni òun mọ̀ tí òun dákẹ́, pé n kò lẹ́bi. Ó ti gba yàrá kan nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ilé tí àdín lè wọ̀ ni, Lábísí mi."

Mo gbé ìgò àdín fún un. "Inú ṣì ń bí mi."

"Mo mọ̀."

"Tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyá rẹ̀ ló wá fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Òórùn àdín ń bọ̀ láti inú ilé. Ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì wúre fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ wọlé." Ó ní òun ò lè wọlé.

Mo wọlé. N kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. N kò sì gbé ìgò àdín kúrò.